Àjàyí Crowther: Ọmọ tí Ilé-Ẹ̀kọ́ Méjì Tọ́

Ó dára kí a máa gbé ìtàn ìgbésí-ayé àwọn ẹni ńlá tí ó ti lọ sí ibi tí àgbà ń rè kalẹ̀ lọ́dọọdún, kí àwa tí ó kù lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀. Ní ọdún yìí, ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ ni ó gba ọkàn wa jù lọ. Àwa tí a ti pẹ́ níwájú pátákó ìkọ̀wé ti rí i pé ohun tí ọmọ rí, tí ó gbọ́, tí ó sì fi ọwọ́ ṣe kí ó tó bàlágà kì í kúrò lára rẹ̀ mọ́. Bí ó dàgbà tán, òun náà ni yóò máa ná bí owó.

Ní Ọ̀tà àti ní Sàngó lónìí, ọ̀nà méjì ni ọ̀pọ̀ òbí ń gbà ronú nípa ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn apá kan gbà pé ilé-ìwé nìkan ni ó lè sọ ọmọ di ènìyàn. Nítorí náà wọ́n ka èdè Yorùbá léèwọ̀ fún ọmọ nínú ilé, wọn kò sì fẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ kan iṣẹ́ kankan àfi bírò. Àwọn apá kejì wo àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí ó yí wa ká, wọ́n sì rò pé kò sí ohun tí ìwé fẹ́ ṣe fún ọmọ tí ó lè tètè máa gba owó ọ̀sẹ̀, tàbí tí ó lè máa kiri ọjà lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta. Ìtàn ọkùnrin kan ni a fẹ́ fi dá apá méjèèjì lóhùn.

Ọkùnrin náà ni Samuel Àjàyí Crowther. Kì í ṣe ọmọ Ọ̀tà, a kò sì fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe tiwa. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Ọ̀tà kan tí ó mọ ìwé Yorùbá kà, ìbáà ṣe ọmọ ìjọ, ìbáà ṣe Mùsùlùmí, ìbáà ṣe ẹni tí ó di ẹ̀sìn àwọn baba wa mú, tí kò jẹ ẹ́ ní gbèsè. Àwọn lẹ́tà tí a fi kọ ọ̀rọ̀ yìí wà lára ogún tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún wa.

Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni a bí Àjàyí ní Òṣogùn, ìlú kan ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ní agbègbè Ìsẹ́yìn. Orúkọ àmútọ̀runwá ni Àjàyí, ọmọ tí ó bá dojú bolẹ̀ wá sí ayé ni í sì í jẹ́ ẹ. Ahunṣọ ni baba rẹ̀. Àfàlà ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ìtàn tí ó délẹ̀ fi yé wa pé nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ dá Ifá nítorí rẹ̀, Ifá kò yàn án fún òrìṣà kankan, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún Olódùmarè.

Kò sí ilé-ìwé ní Òṣogùn ní àkókò náà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wí pé ọmọ náà kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Láti kékeré ni ó ti ń sin adìyẹ, tí ó sì ń kọ iṣu lóko bí àwọn ọmọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Nínú ilé ahunṣọ, ojú ọmọdé a máa rí bí òwú ti ń di fọ́nrán, tí fọ́nrán ń di aṣọ, òun ìbá sì fẹ́, ìbá kọ̀, yóò kọ́ pé iṣẹ́ tí a bá kánjú ṣe kì í dán. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó gbọ́ Yorùbá yó. Kíkí àgbẹ̀ yàtọ̀ sí kíkí ahunṣọ, kíkí ìyá ọmọ tuntun yàtọ̀ sí kíkí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ọmọ tí a tọ́ ní irú ilé bẹ́ẹ̀ ti mọ ìyàtọ̀ wọ̀nyí kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, kò sì sí ẹni tí ó jókòó kọ́ ọ. Èyí ni ilé-ẹ̀kọ́ Àjàyí kìn-ín-ní. Ọdún bí méjìlá ni ó lò níbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, nígbà tí oúnjẹ àárọ̀ wà lórí iná, ariwo ta ní Òṣogùn pé ogun ti dé. Àwọn Fúlàní, àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́, àti àwọn ẹrú tí ó ti sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn ni ó parapọ̀ di ogun náà. Àwọn ará ìlú jà fún wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ṣùgbọ́n apá wọn kò ká a. Baba Àjàyí sáré wọlé, ó ní kí ìyàwó àti àwọn ọmọ sá, òun fúnra rẹ̀ sì padà sí ojú ìjà. Àjàyí kò tún fi ojú kàn án mọ́ títí ayé. Òun àti ìyá rẹ̀ pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì, tí ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọwọ́, kó sí ọwọ́ ogun nínú igbó. A fi okùn sí wọn lọ́rùn bí ewúrẹ́, a sì dà wọ́n lọ sí Ìsẹ́yìn, bí iná ti ń jó ilé wọn lẹ́yìn wọn.

Láti ìgbà náà ni ọmọ náà di ọjà. A fi í pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tí ẹṣin náà kò tẹ́ olówó rẹ̀ tuntun lọ́rùn, a dá ọmọ padà, a sì gba ẹṣin. Fún oṣù díẹ̀ ó wà ní ìlú tí ìyá rẹ̀ wà, ojú rẹ̀ sì ń rí i. Lẹ́yìn èyí ni a jí i gbé lọ tà ní òru láìjẹ́ kí ó dágbére fún ìyá. Ó bọ́ sí ọwọ́ obìnrin Mùsùlùmí kan. Nígbà tí ó rí i pé a fẹ́ tà á sí apá òkun, ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó Pọtogí, ẹ̀rù bà á tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbìyànjú ní òru láti fi ìgbànú ara rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn. Ọmọ ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá ni ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ọkàn rẹ̀ kò gbé e láti ṣe é. A tún fi í gba tábà àti ọtí, títí ó fi dé Èkó, tí a sì so ó mọ́ ẹ̀wọ̀n kan pẹ̀lú àwọn àgbà ọkùnrin.

Ní ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 1822, a kó wọn sínú ọkọ̀ ẹrú Pọtogí kan. Ṣùgbọ́n ní kété tí ọkọ̀ náà gbéra ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣọ́ etí òkun mú un, wọ́n sì kó Àjàyí àti àwọn ọmọkùnrin mélòó kan sínú ọ̀kan nínú wọn, tí a ń pè ní Myrmidon. Àwọn ọmọ náà kò mọ̀ pé òmìnira ni. Nígbà tí wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a pa tí a gbé kọ́, wọ́n rò pé ẹran ara àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni. Nígbà tí wọ́n sì rí ọta àgbá tí a tò jọ, orí ènìyàn ni wọ́n pè é. Kí òbí àti olùkọ́ kíyè sí ibí yìí. Ọmọ tí a ti fi ìyà jẹ pẹ́ kì í tètè mọ ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀. Ó di ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹfà kí wọ́n tó gúnlẹ̀ ní Sàró.

Ní abúlé Bathurst, lẹ́bàá Freetown, ni ilé-ẹ̀kọ́ Àjàyí kejì ti bẹ̀rẹ̀. A sọ fún wa pé ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ rí lẹ́tà, ó tọrọ kọ́bọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará ilé rẹ̀ tí ó bá níbẹ̀ kí ó lè ra ìwé á-bí-dí tirẹ̀. Láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ó ti ń ka Májẹ̀mú Titun ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn sí ohun mìíràn pẹ̀lú. Àwọn tí ó kọ́ ọ ní ìwé kò fi mọ sí ìwé nìkan, wọ́n kọ́ ọ ní iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà pẹ̀lú, ó sì mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ tí ó mú kálámù náà ni ó mú ayùn. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejìlá ọdún 1825 ó ṣe ìrìbọmi, ó sì gba orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan, Samuel Crowther, mọ́ ti ara rẹ̀. Ní 1826 a mú un lọ sí ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ó sì lo oṣù díẹ̀ ní ilé-ìwé ìjọ ní Islington. Nígbà tí ó padà, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay ní 1827. Lẹ́yìn náà ni ó di olùkọ́, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ní Sàró. Obìnrin tí ó fẹ́, Asano, náà jẹ́ ọmọ tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹrú, olùkọ́ sì ni òun pẹ̀lú.

Títí di ibí yìí, ìtàn Àjàyí kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ọmọ mìíràn tí a gbà sílẹ̀. Freetown nígbà náà dà bí Sàngó wa lónìí, àwọn ènìyàn láti ibi gbogbo ni ó pàdé níbẹ̀. Nígbà tí Koelle, òyìnbó ará Jámánì kan, jókòó láti ka àwọn èdè tí a ń sọ láàárín wọn, ó kó ọ̀rọ̀ inú èdè tí ó lé ní 100 jọ, ó sì tẹ̀ wọ́n jáde ní ìwé ní 1854. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, èdè Krio, tí a fi Gẹ̀ẹ́sì àti èdè oríṣiríṣi lú pọ̀, ni ó di tiwọn, èdè ilé baba sì ń lọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ tí a bí síbẹ̀.

Ní 1841 ni a mọ ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní ti fi pamọ́ sí inú Àjàyí. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán àwọn ọkọ̀ lọ sí Odò Ọya láti wá ọ̀nà tí òwò òtítọ́ yóò fi rọ́pò òwò ẹrú, a sì mú Crowther lọ pẹ̀lú Schön tí í ṣe ajíhìnrere. Ibà pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó náà, ìrìn-àjò sì forí ṣánpọ́n. Ohun kan hàn gbangba nínú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni yóò bá kọ́ àwọn ènìyàn ilẹ̀ yìí ní ohunkóhun, èdè wọn ni yóò fi kọ́ wọn, ọmọ ilẹ̀ náà ni ó sì lè ṣe é. Crowther padà sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì fún ẹ̀kọ́ síi, a fi í jẹ àlùfáà ní 1843, ní ọdún náà gan-an sì ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1844 ó dúró ní Freetown, ó sì fi Yorùbá wàásù fún àwọn ará ilé rẹ̀. Ó ti tó ọdún 22 tí a ti gbé e kúrò ní ilẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n èdè tí Àfàlà fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún kò tí ì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1845 ó gúnlẹ̀ ní Àgbádárìgì pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ. Ikú Ṣódẹkẹ́ dá wọn dúró níbẹ̀, ó sì di oṣù kẹjọ ọdún 1846 kí òun àti Townsend tó wọ Abẹ́òkúta. Kò tí ì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n débẹ̀ tí ìyá rẹ̀ gbọ́ ìròyìn rẹ̀, tí ó sì wá a wá. Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù náà ni. Ìyá àti ọmọ di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n wo ara wọn títí, wọn kò lè sọ̀rọ̀, omijé sì ń bọ́ lójú wọn. Ọdún 25 ni ó wà láàárín ìpínyà àti ìpàdé náà. Ní 1848 Àfàlà wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi ní Abẹ́òkúta. Hannah ni a sọ ọ́, orúkọ ìyá Samuẹli inú Bíbélì.

Ní àkókò kan náà yìí, Ọ̀tà wa wà nínú ìdààmú. Nítorí ọ̀nà tí ó lọ sí etí òkun ni àwọn Ẹ̀gbá fi gbógun tì wá, tí wọ́n sì ṣẹ́gun wa ní nǹkan bí ọdún 1842. Àwọn ọmọ Ọ̀tà náà mọ adùn okùn lọ́rùn. Ìtàn Òṣogùn kò jẹ́ àjèjì sí àwọn baba wa rárá.

Ní Abẹ́òkúta ni iṣẹ́ ńlá náà ti gbèrú, ibẹ̀ sì ni a ti rí bí ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì ti pàdé nínú ọkùnrin kan. Ilé-ìwé ti fún un ní lẹ́tà, gírámà, àti sùúrù láti jókòó ti ìwé. Ilé ti fún un ní etí. Ó mọ̀ pé èdè ọmọ ọdún méjìlá kò tó fún ìwé mímọ́, nítorí náà ó sọ ara rẹ̀ di ọmọdé lẹ́ẹ̀kejì. Ó jókòó ti àwọn àgbà, ó ń ṣọ́ ẹnu wọn, ó sì ń kọ ọ̀rọ̀ àti òwe wọn sílẹ̀. Kò ṣe ẹ̀tanú. Àdúrà, àlùfáà àti wàásù ti wà lẹ́nu àwọn Mùsùlùmí Yorùbá kí Bíbélì Yorùbá tó wà, a sì gbà wọ́n wọ inú rẹ̀. Ní 1852 ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè rẹ̀ jáde, òwe sì kún inú rẹ̀. Ní 1875 ó wà ní ìpàdé tí a pè ní Èkó láti ṣe ìlànà kan náà fún kíkọ Yorùbá sílẹ̀. Nígbà tí odindi Bíbélì Yorùbá sì parí ní 1884, òun ni olórí òṣìṣẹ́ nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ràn án lọ́wọ́.

Kò gbàgbé iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú. Ọmọ ahunṣọ ni, gbẹ́nàgbẹ́nà sì ni, ó mọ̀ pé ìwé nìkan kò lè lé òwò ẹrú lọ bí kò sí iṣẹ́ tí ọwọ́ yóò máa ṣe. Ní àwọn ọdún 1850 a dá ilé iṣẹ́-ọwọ́ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, níbi tí a ti ń gbo òwú, tí a sì ń dì í ránṣẹ́ sí Manchester. Ọmọ rẹ̀ tí ń jẹ́ Samuel wà lára àwọn tí ó bójú tó o. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Abigail, fẹ́ T. B. Macaulay, ẹni tí ó dá C.M.S. Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859. Àwọn méjèèjì ni ó bí Herbert Macaulay tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀. Ẹ wo bí ẹ̀kọ́ tí a fún ọmọ kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú ẹ̀wọ̀n ti pẹ́ tó kí ó tó tán, bí ó bá tilẹ̀ ti tán.

Ní 1851 ó lọ sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ó sì bá Ọbabìnrin Victoria àti ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa òwò ẹrú ní Èkó. Ní 1854 ó tún lọ sí Odò Ọya, ní 1857 ó dá iṣẹ́ ìjọ sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì ṣe ìwé ìkàwé fún àwọn Ìgbò ní ọdún kan náà. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ọdún 1864, ní Canterbury, a fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà tí ó jẹ irú oyè náà. Ẹni tí a fi gba ẹṣin rí ni Yunifásítì Oxford fún ní oyè ọ̀mọ̀wé.

Ohun kan wà nínú ìwà rẹ̀ tí ó yẹ kí ìlú onírúurú ẹ̀sìn bí tiwa kíyè sí. Àwọn Mùsùlùmí wà nínú ogun tí ó fọ́ Òṣogùn, Mùsùlùmí sì ti jẹ́ olówó rẹ̀ rí. Síbẹ̀ nígbà tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù, tí ó sì ń bá àwọn ọba àti àwọn àlùfáà Mùsùlùmí pàdé ní ilẹ̀ Nupé, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti pẹ̀lẹ́tù ni ó fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ó yẹra fún àríyànjiyàn tí ń bí ìbínú. Kò jẹ́ kí ìyà ìgbà èwe di májèlé nínú àgbà rẹ̀.

Ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ kò dùn. Àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó ajíhìnrere kan dé sí Odò Ọya, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lẹ́bi, wọ́n sì lé púpọ̀ nínú wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 1890, níṣojú baba tí ó ti lé ní 80 ọdún. Ọ̀rọ̀ náà dun àwọn ènìyàn Èkó gidigidi. Bàbá náà kú ní Èkó ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kejìlá ọdún 1891. Àwọn tí ó tàbùkù rẹ̀ ti di ẹni ìgbàgbé, ṣùgbọ́n a ń ka Yorùbá rẹ̀ títí di òní.

Kí ni gbogbo èyí ní í ṣe pẹ̀lú Ọ̀tà? Ní àárín àwọn ọdún 1850 ni C.M.S. rán James White, ọ̀kan nínú àwọn Sàró ọmọ Yorùbá, sí ìlú wa, ó sì pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀kọ́ tí a fún irú Crowther ni a fún un, èdè àwọn òbí rẹ̀ ni ó sì fi bá àwọn baba wa sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà ṣe kọ́kọ́ wọ àárín wa. A kò gba ìwé lọ́wọ́ àjèjì tí kò gbọ́ èdè wa. Ọwọ́ ọmọ ìyá tí ó lọ tí ó sì bọ̀ ni a ti gbà á.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ka Yorùbá léèwọ̀ fún ọmọ yín, ẹ wo Àjàyí. Yorùbá tí ó gbọ́ yó ní Òṣogùn kò dí i lọ́wọ́ láti ka Gẹ̀ẹ́sì láàárín oṣù mẹ́fà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wí pé ìtàn àtijọ́ ni èyí, ẹ jẹ́ kí ó rántí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì fi olùkọ́ tí ó dára kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí a yẹ̀ wọ́n wò, àwọn ọmọ náà ta àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yọ, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ọmọ tí kò gbọ́ èdè ilé, tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò sì dá múṣémúṣé, ọwọ́ òfo méjì ni ó gbé wọ ayé.

Ẹ̀yin tí ẹ sì wí pé ilé-iṣẹ́ ti tó, kí ni ìwé fẹ́ ṣe, ẹ wo Àjàyí náà. Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà nìkan ni a kọ́ ọ, ì bá jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà rere ní Bathurst, kì bá sì sí ohun tí ó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n a kì bá ní ìwé. Ọmọ tí ó wọ ilé-iṣẹ́ ní Sàngó láìmọ̀wé, ẹrù ni yóò máa rù níbẹ̀ títí agbára yóò fi tán. Èyí tí ó mọ̀wé tí ó sì mọ iṣẹ́ ọwọ́ ni a óò fi ẹ̀rọ lé lọ́wọ́. Ọmọ tí ó sì ń sáré tẹ̀lé mọ́tò lójú títì pẹ̀lú omi tútù lórí ní wákàtí tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní kíláàsì, ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ń tà pẹ̀lú omi náà. Iye tí a ń tà á kò sì tó nǹkan.

Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtàn yìí wí pé ìyà ni ó sọ Àjàyí di ènìyàn ńlá. A máa ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn tí ń fi ìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ tí ó wà lọ́dọ̀ wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni a fi okùn sí lọ́rùn bíi tirẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kú sójú ọ̀nà tàbí sínú òkun, a kò sì mọ orúkọ wọn. Ìyà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Àjàyí ní òru tí ó gbá ìgbànú mọ́ ọrùn rẹ̀. Ìfẹ́ ìyá tí ó ti mu yó tẹ́lẹ̀, àti ọwọ́ àwọn tí ó fà á mọ́ra lẹ́yìn náà, ni ó sọ ọ́ di ènìyàn.

Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀tà tí ẹ wà lẹ́yìn odi, ẹ bá àwọn ọmọ yín sọ Yorùbá, kí ẹ sì máa mú wọn wálé nígbà ọdún, kí etí wọn lè gbọ́ ohùn àwọn àgbà Àwórì kí àwọn àgbà náà tó lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, bí ẹ bá ní ọmọ ọlọ́mọ lọ́dọ̀, ẹ rán an lọ sí ilé-ìwé pẹ̀lú tiyín. Àti ẹgbẹ́ wa, bí a ti ń kó owó jọ fún ọ̀nà àti fún gbọ̀ngàn, ẹ jẹ́ kí a ya díẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ìwé Yorùbá àti fún irinṣẹ́ ní àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa. Ọmọ tí yóò gbé orúkọ Ọ̀tà ga ní ọdún 50 sí ìsinsìnyí ti wà láàárín wa báyìí. Ó lè jẹ́ pé iwájú ilé ẹni tí ń ka ìwé yìí ni ó ti ń ṣeré. Kí Olódùmarè má jẹ́ kí ó sọnù mọ́ wa lọ́wọ́. Ọ̀tà yóò máa gbèrú o. Àṣẹ.